Éékà Kan Kì í Ṣe Pulọ́ọ̀tì Mẹ́fà: Bí Ìlú Kékeré Ṣe Lè Ṣètò Ilẹ̀ Rẹ̀ fún Ogún Ọdún

Éékà kan jẹ́ 43,560 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó. Pulọ́ọ̀tì 60 sí 120 kan jẹ́ 7,200. Ẹ sọ ọ́ di mẹ́fà, ó di 43,200. Ibẹ̀ ni gbólóhùn àwọn tó ń talẹ̀ ti wá: "éékà kan, pulọ́ọ̀tì mẹ́fà." Ìṣirò náà pé. Àmọ́ ohun tó ṣẹ́kù nínú éékà náà ò ju 360 lọ, ìyẹn bíi yàrá mẹ́ta tó jẹ́ 10 sí 12. Inú yàrá mẹ́ta yẹn ni títì, gọ́tà, òpó iná àti ilé-ìwé gbọ́dọ̀ ti jáde.

Kò sí bó ṣe máa jáde. Nítorí náà, ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé á máa gba orí ilẹ̀ ẹni tí kò tíì kọ́lé kọjá, títí onítọ̀hún á fi mọ ògiri. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀nà dí. Báyìí ni àdúgbò tí mọ́tò panápaná ò lè wọ̀, tí wọ́n ń fi ọmọlanke kó sìmẹ́ǹtì wọlé, ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbèrò ibi níbẹ̀.

Ìlànà tó wà nísàlẹ̀ yìí wà fún ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ tó 5,000 sí 30,000 nílẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà, níbi tí ilẹ̀ ẹ̀yìn ìlú ti wà lọ́wọ́ ẹbí-ẹbí. Ohun tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ yọ títì, ọ̀nà omi àti ilẹ̀ gbogbogbò kí ẹ tó yọ pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Tí ibẹ̀ bá ṣì jẹ́ igbó, okùn, àdá àti owó awọnlẹ̀ ló máa ná yín láti yọ títì. Tí ilé bá ti wà níbẹ̀, owó katapílà ni, owó gbà-má-bínú ni, ẹjọ́ sì ni.

Àwọn tó máa fọwọ́ sí i

Kábíyèsí tàbí baálẹ̀ pẹ̀lú ìjòyè ò tó. Olórí ẹbí kọ̀ọ̀kan tó nílẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlú gbọ́dọ̀ jókòó, pẹ̀lú aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan (ìyẹn àwọn ọmọ ìyá kan) nínú ẹbí náà. Ìdí rẹ̀ ni pé ilé ẹjọ́ kì í ka títà ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí ò mọ̀ sí títà rárá. Èyí tí olórí ẹbí nìkan fọwọ́ sí láìsí àwọn àgbà ẹbí náà ṣeé yí padà tí wọ́n bá tètè pẹjọ́. Bó ṣe rí fún títà ló rí fún fífi ilẹ̀ sílẹ̀ fún títì. Ẹ má fo àwọn ọmọ obìnrin ilé, torí wọ́n ní ẹ̀tọ́ nínú ilẹ̀ bàbá wọn lábẹ́ àṣà Yorùbá, ẹjọ́ tó máa da ètò rú lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá sì lè ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Ẹ pe àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ náà. Àwọn ló ń dáko níbẹ̀, àwọn ló sì mọ ibi tí omi ń gbà.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gba elétò-ìlú tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TOPREC, àjọ àwọn elétò-ìlú, àti awọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, àjọ àwọn awọnlẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó ń fi tépù àti òkúta funfun pín ilẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ kì í ṣe awọnlẹ̀, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ náà tó.

Ẹ ka òrùlé, ẹ má dúró de ètò ìkànìyàn

Ètò ìkànìyàn tó ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà jẹ́ ti ọdún 2006. Iye tó wà níbẹ̀ ti gbó. Èyí tó sàn jù ni kí ẹ ṣí Google Earth lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ lo àwòrán àtẹ̀yìnwá tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì ka òrùlé ìlú yín lọ́dún méjì tó jìnnà síra. Bí òrùlé 1,000 bá ti di 1,500 láàárín ọdún 14, ìlú náà ń fi bíi 3 nínú ọgọ́rùn-ún gbòòrò lọ́dún.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìlú tó ní èèyàn 12,000 yẹ̀ wò. Bó bá ń fi 3 nínú ọgọ́rùn-ún lé lọ́dún, á sún mọ́ 21,700 lẹ́yìn ogún ọdún. Bíi 9,700 ló fi lé. Tí ìdílé kan bá ní èèyàn mẹ́fà, ìdílé 1,600 nìyẹn. Bí ilé kan bá gba ìdílé méjì, pulọ́ọ̀tì 800 ni. Tí ẹ bá yọ pulọ́ọ̀tì mẹ́rin nínú éékà kan, ẹ ó nílò 200 éékà, tó jẹ́ hẹ́kítà 81. Tí ẹ bá ní ilẹ̀ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹ má fi layout, ìyẹn àwòrán ìpín títì àti pulọ́ọ̀tì, bo gbogbo rẹ̀. Ohun tó kù, oko etílé ni kó máa jẹ́.

Nǹkan méjì ló máa ń da ìṣirò yìí rú. Àkọ́kọ́ ni pé kí ìjọba gbé ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wá sí ìlú: láàárín ọdún mẹ́ta, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á gba ibi tí ẹ rò pé á tó ọdún mẹ́wàá. Èkejì ni àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó àti lókè òkun, tí wọ́n ń kọ́ ilé tí wọn ò ní í gbé títí wọ́n á fi fẹ̀yìntì. Ọlọ́dẹ nìkan ló wà nínú ilé náà, ṣùgbọ́n ó ti gba pulọ́ọ̀tì. Ìdí nìyí tí kíka òrùlé fi dára ju kíka orí èèyàn lọ.

Ẹ tún rántí pé Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 gba ìjọba ìbílẹ̀ láyè láti fún ẹnì kan ní ilẹ̀ oko tó tó 500 hẹ́kítà lẹ́yìn ìgboro. Ẹni kan ṣoṣo lè fi oko gba ìlọ́po mẹ́fà ilẹ̀ tí ìlú yìí máa lò fún ogún ọdún. Bí ètò yín ò bá sí nínú fáìlì ìjọba ìbílẹ̀, kò sí ohun tó máa sọ fún wọn pé ibẹ̀ ni títì ọjà yín máa gbà.

Ẹ rìn ín nígbà òjò

Kí ẹ tó ya ohunkóhun, ẹ ní kí awọnlẹ̀ gba kọ́díńétì igun ilẹ̀ náà, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí igun kọ̀ọ̀kan wà, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀ yín. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá apá kan wà nínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Tí ìjọba bá gba ilẹ̀ lábẹ́ òfin 1978, owó ilé àti irè oko ló ń san ní pàtàkì. Kì í san iye tí ọjà ń pe ilẹ̀. Àìmọ èyí ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹbí ta ilẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ ìwé ìwọnlẹ̀ ní Nàìjíríà ló lo ètò ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Minna, ṣùgbọ́n ètò mìíràn tó ń jẹ́ WGS84 ni fóònù àti Google Earth ń lò. Tí ẹ bá kan gbé nọ́ńbà ọ̀kan sórí èkejì, ilẹ̀ yín á fi ọ̀pọ̀ mítà yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì lè bọ́ sórí odò. Ẹ béèrè èyí tí awọnlẹ̀ lò, kó kọ ọ́ sára àwòrán. Ìlà 31 ti UTM, ètò tí àwọn awọnlẹ̀ fi pín ayé sí ìlà-ìlà, ni ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ Yorùbá ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà wà. Tí ẹnikẹ́ni bá kọ 32, ẹ béèrè ìdí rẹ̀.

Wàyí o, ẹ rìn. Kì í ṣe ní oṣù kejì tí ilẹ̀ gbẹ, tí àkùrọ̀ ń fara hàn bíi pápá bọ́ọ̀lù, tí àwọn tó ń talẹ̀ sì fẹ́ràn láti mú oníbàárà lọ. Oṣù kẹfà sí ìkeje ni, kí ẹ sì padà lọ ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Ẹ wo ibi tí igi ògùrọ̀ wà. Ibi tó bá hù sí fúnra rẹ̀, omi ló ni ibẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà ibi tí odò kún dé jù lọ, kí ẹ kan èèkàn síbẹ̀. Láti èèkàn yẹn, kì í ṣe láti etí odò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni kí ẹ ti wọn 30 mítà tí ẹnikẹ́ni ò ní kọ́lé sí. Tí òfin ìpínlẹ̀ yín bá ní kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, tòfin ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Bí 30 mítà bá dà bí ìfiṣòfò, ẹ wo Ìbàdàn. Ògùnpa kún lọ́dún 1980, òjò 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 sì tún gbé ilé àti afárá lọ. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá a rìn. Ilé tó wà létí omi àti pàǹtí tó dí ojú omi wà lára ohun tó fà á.

Lórí àwòrán kan náà, ẹ fi pupa sàmì sí ibi tí ilé ò gbọ́dọ̀ sí: 45 mítà láti àárín títì ìjọba àpapọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 25 mítà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wáyà iná 330kV, àti 15 mítà fún 132kV. Igbó ìmọ̀lẹ̀ àti igbó orò náà. Ẹ wọ̀n wọ́n, ẹ kọ iye hẹ́kítà wọn sílẹ̀. Òṣogbo ti gbòòrò yí igbó Ọ̀ṣun ká, síbẹ̀ hẹ́kítà 75 tí UNESCO kọ sílẹ̀ lọ́dún 2005 ṣì wà, torí ààlà rẹ̀ wà nínú ìwé. Igbó tí ẹnu nìkan ń sọ ààlà rẹ̀ kì í pẹ́ kí pulọ́ọ̀tì tó jẹ ẹ́ tán.

Títì

Orí òkè ni títì ńlá yẹ kó gbà, kì í ṣe inú àfonífojì. Ẹ jẹ́ kí títì ré odò kọjá níbi díẹ̀, torí kọ́fátì ni owó títì sábà máa ń lọ sí. Afárá méjì tó dára sàn ju mẹ́fà tí òjò ń gbé lọ.

Ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ ni mẹ́ta: 60 ẹsẹ̀ bàtà (mítà 18) fún títì ńlá, kí ọ̀kan má jìnnà sí èkejì ju kìlómítà kan lọ, 40 (mítà 12) fún títì àdúgbò, 30 (mítà 9) fún títì kúkúrú tí ilé díẹ̀ wà. Àríyànjiyàn máa wà lórí 40. Ẹnì kan á ní 20 tó, mọ́tò méjì ṣáà ń pàdé níbẹ̀. Ẹ pín in lójú rẹ̀: ibi tí mọ́tò ń gbà, 24. Gọ́tà méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, 6. Ẹ̀gbẹ́ méjì fún ẹlẹ́sẹ̀, òpó iná àti páìpù omi, márùn-ún márùn-ún, 10. Ó pé 40, kò ṣẹ́ kù. Tó bá ní kí ẹ dín in kù, ẹ ní kó sọ èyí tí ẹ máa yọ. Gọ́tà ni wọ́n sábà máa ń yọ, òjò á sì wá fi títì ṣe gọ́tà.

Bí ẹ bá to pulọ́ọ̀tì 60 sí 120 ní ìlà méjì tó kẹ̀yìn síra, mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìdì kan jẹ́ 600 sí 240, pulọ́ọ̀tì 20. Ẹ fi ìdajì títì 40 yí i ká, ó di 640 sí 280, éékà mẹ́rin ó lé díẹ̀. Títì nìkan ti gba bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ yọ ilẹ̀ ilé-ìwé, ọjà àti etí odò kún un, ẹ ó rí i pé mẹ́rin péré ló kù nínú éékà kọ̀ọ̀kan. Ibi tí mẹ́rin ti wá nìyẹn. A ò dédé sọ ọ́.

Ní gbogbo oríta, ẹ gé igun pulọ́ọ̀tì ní 10 sí 15 ẹsẹ̀ bàtà kí típà lè yí. Bí ẹ bá gbàgbé, ògiri onígun yẹn ni típà á máa fi ara bó títí á fi wó, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀.

Kànga àti sọ́kàwéè

Èyí ni layout fi máa ń pa èèyàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. 30 mítà, tó jẹ́ bí 100 ẹsẹ̀ bàtà, ló yẹ kó wà láàárín kànga àti sọ́kàwéè tàbí ṣáláńgá. Gígùn pulọ́ọ̀tì jẹ́ 120. Ẹ fi kànga síwájú, ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ògiri iwájú. Ẹ fi sọ́kàwéè sẹ́yìn, 10 sí ògiri ẹ̀yìn. 100 géérégé ló kù láàárín wọn. Aládùúgbò tó wà lẹ́yìn yín ṣe bẹ́ẹ̀, sọ́kàwéè yín àti tirẹ̀ kẹ̀yìn síra, kànga kọjú sí kànga lódìkejì títì. Gbogbo àdúgbò mu omi mímọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo yí tirẹ̀ padà, ó gbẹ́ kànga sẹ́yìn torí awo ní ibẹ̀ ni omi wà. Kànga rẹ̀ ti di 20 ẹsẹ̀ bàtà sí sọ́kàwéè ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì tó 100 sí tàwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé títa ilẹ̀ gan-an: kànga níwájú, sọ́kàwéè lẹ́yìn. Pulọ́ọ̀tì 50 sí 100 ò lè ṣe é rárá, 80 ló máa ṣẹ́ kù. Níbi tí ẹ bá ti yọ irú rẹ̀, ẹ má gba kànga àdáni láyè. Ẹ gbẹ́ bóòhóòlù àdúgbò sí ilẹ̀ tí ẹ yọ fún un. Ààtàn ìlú ò gbọdọ̀ wà lápá òkè odò tí èèyàn ń pọn.

Bí ẹbí ṣe máa pín àdánù àti èrè

Ibí ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń kú. Ọjà bọ́ sórí ilẹ̀ ẹbí kan, títì ńlá gba àárín tòmíràn, ẹbí kẹta ò pàdánù nǹkan kan. Ẹbí méjì àkọ́kọ́ ò ní fọwọ́ sí i, wọn ò sì jẹ̀bi.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ da ilẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó pín in. Ká ní ẹbí mẹ́ta ní éékà 10, 6 àti 4. Ogún éékà ni, pulọ́ọ̀tì 80 ló máa jáde. Ẹbí àkọ́kọ́ á gba 40, èkejì 24, ẹ̀kẹta 16, ibi yòówù kí títì tàbí ọjà bọ́ sí. Ẹbí tí ilẹ̀ rẹ̀ di ọjà á gba pulọ́ọ̀tì tirẹ̀ lórí ilẹ̀ àwọn yòókù. Ẹ wọn ilẹ̀ ẹbí kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sọ ìpín rẹ̀ jáde, torí "éékà mẹ́wàá" tí bàbá sọ lè jẹ́ méje nígbà tí awọnlẹ̀ bá dé. Ibojì àti ilé tó ti wà níbẹ̀ ò kúrò. Ẹ yí títì fún wọn.

Ẹbí á ní àwọn ì bá ta 120 dípò 80. Ẹ mú wọn lọ sí àdúgbò tí wọ́n ti tà ní mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè iye tí wọ́n ń ta pulọ́ọ̀tì tí mọ́tò ò dé níbẹ̀, kí wọ́n fi wé ti ojú títì.

Fún ilẹ̀ gbogbogbò: éékà márùn-ún fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́wàá fún girama, méjì fún ilé ìwòsàn kékeré, ìtẹ́ òkú jìnnà sí kànga. Ọjà tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún nílò ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí, tó fẹ̀ tó ọjà fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí, orí títì ni ọkọ̀ máa dúró sí. Sọ́míìlì, mẹ́káníìkì àti àwọn tó ń lu búlọ́ọ̀kù, ẹ kó wọn sí ibì kan ní ẹnu títì ńlá, kí ariwo àti típà má bàa wọ àdúgbò.

Ìwé

Láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ lọ́dún 2003, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Ọ́fíìsì tí aráàlú ń pè ní "town planning" ní ìjọba ìbílẹ̀ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí layout náà sì dé iléeṣẹ́ tó ń bójú tó o ní olú-ìlú ìpínlẹ̀, kó gba òǹtẹ̀. Àwòrán tí wọ́n so mọ́ ògiri ààfin ò lè dá katapílà dúró. Àdéhùn ẹbí gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí agbẹjọ́rò kọ, tí olórí ẹbí àti aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí, tí àwòrán títì sì lẹ̀ mọ́. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ààfin, ìjọba ìbílẹ̀, ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ àti ọwọ́ ẹbí kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà kan ṣoṣo lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ máa ń sọnù nígbà tí wọ́n bá yan akọ̀wé tuntun.

Ṣíṣọ́ ọ

Ní ọ̀sẹ̀ tí òǹtẹ̀ bá jáde, ẹ ri òpó kọnkéré tó ní nọ́ńbà sí etí títì, kì í ṣe sí igun pulọ́ọ̀tì nìkan. Lẹ́yìn náà, nígbà òjò, ẹ gún pèrègún sí etí títì méjèèjì, ẹsẹ̀ bàtà 20 síra. Ó rọrùn láti rí, igi rẹ̀ tí a bá gé gún ń hù, gbogbo ọmọ Yorùbá ló sì mọ̀ pé ààlà ni. Òpó kọnkéré ṣeé hú lóru. Pèrègún ọgọ́rùn-ún tó tò lẹ́sẹẹsẹ máa ń pẹ́ kó tó tán. Bí owó bá wà, ẹ jẹ́ kí katapílà la títì ńlá lẹ́ẹ̀kan, bí kò tilẹ̀ sí ọ̀dà lórí rẹ̀. Ibi tí ọ̀nà ti wà ṣòro láti tà.

Ẹ yan èèyàn mẹ́ta tí wọ́n á máa rin ín yí po ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta pẹ̀lú àwòrán lọ́wọ́. Ìpìlẹ̀ ni ká ti dá ẹni tó wọ títì dúró, nígbà tó ṣì jẹ́ búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá. Ẹni tí ẹ jẹ́ kó dé òrùlé, wọ́n máa fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri rẹ̀, á sì wà níbẹ̀ fún ọdún méjìlá. Ẹni tó máa kọ́kọ́ wọ títì sábà máa ń jẹ́ èèyàn ńlá, ọmọ ìjòyè tàbí alága kan. Ẹ fẹnu kò lórí ohun tí ẹ máa ṣe fún un kó tó ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn, torí lọ́jọ́ náà kò sẹ́ni tó máa fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ má ṣí gbogbo 200 éékà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tà á ní ìpele mẹ́rin, bí 50 fún ọdún márùn-ún kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì ṣí ìpele kejì títí ilé á fi wà lórí ìdá méjì nínú mẹ́ta pulọ́ọ̀tì ìpele àkọ́kọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé mẹ́ta níbí, méjì lọ́hùn-ún, òpó iná ogójì láàárín wọn, a ó sì ti gé kòkó àti ọ̀pẹ tó ń so. Ní ìparí ọdún márùn-ún kọ̀ọ̀kan, ẹ ka òrùlé lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ tún iye ìpele tó kàn ṣe.